Orúkọ Atẹ̀wé Nísàlẹ̀ Orin

Kò sí ìwé tó jáde rí ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé náà tí orúkọ rẹ̀ kò sí nísàlẹ̀. Ìwé ìpè ìgbéyàwó ni o, káàdì ọjọ́ ìbí ni o, ìkéde pé omi kò ní yọ lẹ́nu ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ajé ni o, bó o bá wo ìsàlẹ̀ pátápátá, wàá rí i: ẹni báyìí ló tẹ̀ ẹ́, àdírẹ́sì báyìí, nọ́ńbà báyìí. Àṣà àwọn atẹ̀wé ni, kò sẹ́ni tó lè bá a jà sí i. Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni lẹ́tà orúkọ náà ń sanra. Nígbà tó tẹ ìkéde òkú olùkọ́ àgbà kan, orúkọ atẹ̀wé tóbi débi pé ẹnìkan tó ka ìwé náà lára ògiri bèèrè pé, "Nínú àwọn méjèèjì yìí, èwo gan-an ló kú?"

Ẹni tó bèèrè ni ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà Fóònù. Atẹ̀wé fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹnu Dókítà ti dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ.

Ìyàwó atẹ̀wé ni kò fi orúkọ sí nǹkan kan láyé rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kíká. Ọkọ á tẹ káàdì, ìyàwó á jókòó sídìí tábìlì gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á fi igi pẹlẹbẹ kan tí ọwọ́ ti mú dán ká wọn sí méjì méjì, ẹgbẹ̀rún kan lójúmọ́, á sì máa kọrin. Orin kan ṣoṣo ni. Òun ló ṣe é fúnra rẹ̀, bóyá kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe nǹkan:

Ká a, tẹ̀ ẹ́, jẹ́ kó sùn,
Ìwé tí mo ká kò ní tú.

Láàárín ìlà kìíní àti ìkejì, ó máa ń dúró díẹ̀ láti fi ìka kan ahọ́n. Nígbà mìíràn, ìwé á gé e lọ́wọ́, á ní, "Yéè!", á rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, á sì bá orin lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni atẹ̀wé fi gbọ́ orin yìí. Ohun tó máa ń sọ sí i kò ju ẹyọ kan lọ: "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ ń ké, ìwọ náà ń ké, èwo nínú yín ni kí n ní kó dákẹ́?" Ikú ló bá a dá ìbéèrè náà lóhùn, ní ọdún kan àti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, nọ́ọ̀sì ní ìlú kan tó jìnnà ní ìrìn wákàtí mẹ́ta. Ní ọdún tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó máa ń wá ní ìparí ọ̀sẹ̀, á gbé fóònù sórí tábìlì kíká, á ní kí Màmá máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé òun kò sí níbẹ̀. Ohùn mẹ́tàlélógún ló gbà sílẹ̀ báyìí. Ó kó wọn sí ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní fóònù lè kú, ohùn kò ní kú. Òótọ́ ni apá kan ọ̀rọ̀ náà: fóònù bọ́ sínú bókẹ́ẹ̀tì omi ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kan, kò jí mọ́. Láti ìgbà náà, ojú ewé yẹn nìkan ni ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún wà. Kó tó wọṣẹ́ láràárọ̀, á gbọ́ ọ̀kan, bí ẹni lo oògùn.

Nígbà tí kò sí ẹni tó máa ká ìwé mọ́, atẹ̀wé ra ẹ̀rọ tó ń ká a. Ẹ̀rọ náà yára, kì í ṣàìsàn, kì í sì í kọrin. Ìdákẹ́jẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù ló lé e dé ọ̀dọ̀ Dókítà Fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí Dókítà fi ẹ̀rọ AI kan hàn án lórí kọ̀ǹpútà. O sọ irú orin tó o fẹ́, tàbí kó o jẹ́ kó gbọ́ ohùn díẹ̀, á sì fi ìlù, gìtá àti olórin tí ìyá kankan kò bí dá odindi orin fún ọ kí omi tó hó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ohùn yín dà bí àgádágodo tó dípẹtà," ni Dókítà wí, "ẹ lè di Olóhùn-Iyọ̀ lónìí yìí."

Yẹ̀yẹ́ ló fi ṣe. Atẹ̀wé gbà á bí oyè.

Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ṣí ojú ewé ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó yan ọ̀kan nínú àwọn ohùn náà, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ní kí ẹ̀rọ gbọ́. Ẹ jẹ́ ká má rẹ́ ẹ jẹ: ní ìṣẹ́jú yẹn, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń wá. Ẹ̀rọ gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà pẹ̀lú ìlù mẹ́rin, fèrè, àti ohùn ọkùnrin kan tó jinlẹ̀ bí kànga. Atẹ̀wé gbọ́ ọ nígbà mẹ́rìnlá. Nígbà kejì, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà keje, ó ti ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìkẹrìnlá, ó ti ń rò ó pé ohùn jíjinlẹ̀ yẹn jọ ti òun, pàápàá ní òwúrọ̀.

Ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń bá èèyàn pín orin dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fọ́ọ̀mù wọn gùn. Ta ló ṣe orin yìí? Ṣé AI lọ́wọ́ sí i? Ṣé ohùn tàbí orin ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀? Lẹ́yìn náà, àpótí kékeré kan: fi àmì síbí bó o bá fẹ́ kí ẹ̀rọ wa máa ṣọ́ orin rẹ, kó sì máa ta àsíá pupa sí ohunkóhun tó bá jọ ọ́, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé wọ́n jí i.

Ọkùnrin yìí kan náà kì í tẹ káàdì fún oníbàárà láìjẹ́ pé oníbàárà ka àpẹẹrẹ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i pé kò sí àṣìṣe. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ìyàwó ojú ọ̀nà ṣe ẹlẹ́yà, àwọn tó fọwọ́ sí káàdì láìrí i pé wọ́n ṣi orúkọ ọkọ kọ. Ṣùgbọ́n nínú fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ibi tí orúkọ ń gbé ló sáré lọ. Ta ló ṣe é? Ó kọ Olóhùn-Iyọ̀. Lójú ara rẹ̀, kò purọ́. Ẹni tó tẹ nǹkan jáde ní í fi orúkọ sí i. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, abẹ́ ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀ ló ti ń fi orúkọ tirẹ̀ sí. Àwọn ìbéèrè yòókù, ó ní rárá, rárá. Nígbà tó dé ibi àpótí ìṣọ́, ó fi àmì sí i tagbáratagbára, nítorí olè pọ̀ láyé.

Orin náà rìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá èèyàn ti gbọ́ ọ. Atẹ̀wé tẹ àwòrán ara rẹ̀ tó ga bí ilẹ̀kùn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì kíká. Gíláàsì dúdú wà lójú rẹ̀ nínú àwòrán ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ inú ilé ni wọ́n ti yà á. Olóhùn-Iyọ̀ ni wọ́n kọ sókè. Nísàlẹ̀, ẹni tó tẹ̀ ẹ́, àdírẹ́sì, nọ́ńbà. Ilé-iṣẹ́ rédíò kan wá pè é pé kó wá lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kó wá sọ bí orin ṣe ń wá sí i lọ́kàn. Kò tíì sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu rédíò.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, ọmọ rẹ̀ pè é.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Kí ló dé tí ohùn ẹ rí báyìí?"

"Ẹnìkan fẹ́ gba ohùn Màmá lọ́wọ́ mi."

"Gba kí ni?"

"Wọ́n ta àsíá sí ojú ewé mi. Wọ́n ní olórin kan ló ni orin tí Màmá ń kọ, wọ́n ní mo jí i ni. Àsíá kìíní wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, èkejì wọlé lónìí. Látìgbà tí èkejì ti wọlé, wọ́n ti fi àgádágodo sí gbogbo ẹ̀. Mi ò lè gbọ́ wọn, mi ò lè kó wọn jáde. Bó bá di mẹ́ta, Bàbá, wọ́n á nu gbogbo ẹ̀ nù."

Atẹ̀wé jókòó. Kò sí àga níbi tó jókòó sí; ìdì pépà ló gbà á sílẹ̀.

"Ta ni olórin náà?" ó bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ ti sọ fún un.

"Ẹnìkan tó ń pe ara ẹ̀ ní Olóhùn-Iyọ̀. Ẹ wá gbọ́ orúkọ! Ẹni tó bá ní ohùn iyọ̀, ṣé ohùn olóhùn ló yẹ kó máa jí?"

"Bóyá... bóyá àṣìṣe ni."

"Àṣìṣe wo? Ṣé olè lẹ ń gbèjà ni? Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí mi, Bàbá. Ẹ ti gbọ́ orin yẹn kí wọ́n tó bí mi. Ẹ bá mi kọ̀wé sí wọn pé Màmá ló ni ín, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Ṣebí ẹ fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa fọwọ́ sí nǹkan."

"Màá kọ ọ́."

"Lónìí?"

"Màá kọ ọ́, ìyá mi."

Ìyá mi ló máa ń pè é bí ẹ̀rù bá ń bà á.

Ó ré ọ̀nà kọjá. Dókítà Fóònù ń fi abẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí nínú ihò fóònù kan, kò gbójú sókè.

"Dókítà, báwo ni wọ́n ṣe ń yọ àsíá?"

"Ta ló ta àsíá sí yín?"

"Èmi ni mo ta á. Ẹ̀rọ ló bá mi ta á."

"Sí ta ni?"

"Sí ìyàwó mi."

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó wá òfin ilé-iṣẹ́ tó ń pín orin náà, ó kà á sókè: ẹni tó bá fẹ́ yọ àsíá gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé orin náà kì í ṣe tòun nìkan, kó dárúkọ ẹni tó ni ohùn tí AI gbọ́, kó sì fi orúkọ tí òbí sọ ọ́ fọwọ́ sí i. Bó bá ti fọwọ́ sí i, wọ́n á yọ àsíá, wọ́n á sì yọ orin náà kúrò níbi gbogbo.

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

"Kúrò níbi gbogbo?"

"Níbi gbogbo."

"Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ sí rédíò."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò ní mi ò níí ṣe é. Mo ní lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀. Wò ó, àsíá kìíní, ọjọ́ Ẹtì. Èkejì, ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ mẹ́ta ló wà láàárín wọn. Bí ẹ̀kẹta bá ń bọ̀, Ọjọ́bọ̀ ni, nírọ̀lẹ́. Màá ti fọwọ́ sí i kí oòrùn tó kan àtàrí."

"Ẹ ti bá a sọ̀rọ̀? Ó ní ìrọ̀lẹ́ lòun ń bọ̀?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Yẹ̀yẹ́ ni mo fi fún yín lórúkọ yẹn," ni Dókítà wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Ẹ wá fẹ́ fi sin ìyàwó yín lẹ́ẹ̀kejì. Ẹyin lohùn, Ẹ̀gbọ́n. Bó bá bọ́, a kì í ṣà á."

Atẹ̀wé dìde, ó sọdá padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ rẹ̀ pè pé ṣé ó ti kọ̀wé. Ó ní òun ti kọ ọ́. Lọ́jọ́rú, ó pè pé ṣé wọ́n ti dáhùn. Ó ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kì í tètè dáhùn. Ó sọ ọ́ dáadáa débi pé òun alára bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí wọn.

Yàrá rédíò kéré ju bó ṣe rò ó lọ. Fóòmù aláwọ̀ eérú ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ife tíì kan tó ti tutù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbohùngbohùn. Wọ́n ní kó pa fóònù rẹ̀, ó pa á. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, jẹ́ kí orin náà dún díẹ̀, ó wá rọra rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ sọ fún wa, Olóhùn-Iyọ̀, níbo lẹ ti ń rí irú orin báyìí?"

Àyè wà níbẹ̀. Ó rí ìyàwó rẹ̀ sídìí tábìlì, ìka lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló kù: ìyàwó mi ni. Ó lanu.

"Fúnra ẹ̀ ló ń wá bá mi," ó wí. "Mo lè wà nídìí iṣẹ́ mi jẹ́jẹ́, mo kàn máa ń gbọ́ ọ ni."

"Ẹ̀bùn nìyẹn."

"Ẹ̀bùn ni."

A ò tiẹ̀ lè pè é ní irọ́. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

Nígbà tó jáde sí òpópónà tó tan fóònù, ọmọ rẹ̀ ti pè é nígbà mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìgbà kẹjọ, ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: *Ẹ̀kẹta ti wọlé ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ti nù ún, Bàbá.* Ẹ̀rọ náà kò dúró di ìrọ̀lẹ́.

Kò yà sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ Dókítà ló wọ̀, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ní kó gbé fọ́ọ̀mù náà jáde. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ka fọ́ọ̀mù tirẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà bó ṣe máa ń kọ́ àwọn oníbàárà. Ta ló ni ohùn? Ó kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ pátá, títí kan èyí tí ìyá àgbà rẹ̀ nìkan máa ń pè é. Ó fi orúkọ tí òbí sọ ọ́ sísàlẹ̀. Dókítà kò dá àpárá kankan. Ìgbà yẹn ni atẹ̀wé mọ̀ pé kò sí àtúnṣe.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, orin Olóhùn-Iyọ̀ ti kúrò níbi gbogbo, bí ẹni pé kò wáyé rí. Nírọ̀lẹ́, àwọn tó ni ojú ewé kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé: wọ́n ti yọ àsíá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú ewé ti ṣí, ó dùn wọ́n pé ohun tí wọ́n ti nù nínú rẹ̀ kò ṣeé mú padà. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ta àsíá: Olóhùn-Iyọ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà. Bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́.

Ó retí kí fóònù dún. Kò dún.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, ọmọ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó kí i bó ṣe yẹ kí ọmọ kí bàbá, ìyẹn sì dun atẹ̀wé ju èébú lọ. Atẹ̀wé ti ya àwòrán ńlá náà kúrò lára ògiri. Ojú ibi tó wà funfun ju ìyókù lọ.

"Ẹ jẹ́ kó dún," ọmọ rẹ̀ wí.

"Kí ni?"

"Orin yín. Mo mọ̀ pé ẹ̀dà kan á wà nínú kọ̀ǹpútà."

Ó jẹ́ kó dún. Ìlù mẹ́rin, fèrè, ohùn bí kànga. Ọmọ rẹ̀ tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ṣe máa ń gbọ́ àyà aláìsàn. Bí ìlà kìíní ti parí, ó nawọ́ sókè.

"Ẹ dá a dúró. Ibí yìí. Mo mọ èyí tẹ́ ẹ lò, ìkọkànlá ni. Ìwé gé e lọ́wọ́ níbí. Ó ní yéè, ó rẹ́rìn-ín. Ibo ló wà?"

"Ẹ̀rọ yẹn... ó máa ń fọ ohùn mọ́ ni. Ó kà á sí ìdọ̀tí."

"Ó kà á sí ìdọ̀tí."

Ọmọ rẹ̀ yọ fóònù rẹ̀ tuntun jáde, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn sílẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì kíká, síbi tó máa ń gbé ti àkọ́kọ́ sí.

"Ẹ kọ ọ́, Bàbá. Bí òun ṣe ń kọ ọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ fi gbọ́ ọ."

Atẹ̀wé gbé e pẹ̀lú ohùn àgádágodo rẹ̀. *Ká a, tẹ̀ ẹ́, jẹ́ kó sùn.* Ó dúró níbi tó yẹ kó dúró. Nígbà tó wọ ìlà kejì, ohùn rẹ̀ gun òkè níbi tí fèrè ti ń gun òkè. Ó dákẹ́. Ó tún un gbé. Ó tún gun òkè.

"Ibẹ̀ kọ́," ọmọ rẹ̀ wí. "Ibẹ̀ kọ́ ló ń gbà."

"Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́. Bá mi gbé e, ìyá mi. Ìwọ lò ń gbọ́ ọ láràárọ̀."

Ọmọ rẹ̀ gbé ìlà kìíní, ohùn rẹ̀ kéré, ó mọ́. Ó wọ ìlà kejì. Ohùn tirẹ̀ náà gun òkè. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Tiyín ni mò ń gbọ́," ó wí láàárín ìka. "Láti ọjọ́ Ajé, tiyín ni mò ń gbọ́ ṣáá. Mò ń wá ibi tó ti yàtọ̀ sí ti Màmá, kí n lè fi ṣe ẹ̀rí."

Fóònù ń gba ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀. Atẹ̀wé wò yíká bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú káàdì kan lórí tábìlì, ó fa etí rẹ̀ kọjá lórí ìka ara rẹ̀, kíá.

"Yéè," ó wí, ó sì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

Ọmọ rẹ̀ wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé fóònù, ó dá a dúró, ó nu ohun tó gbà sílẹ̀. Ó mú igi pẹlẹbẹ tí ìyá rẹ̀ fi ń káwé, ó fi sínú báàgì rẹ̀.

"Ó dàbọ̀, Bàbá."

Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ̀jẹ̀ kékeré kan yọ ní ìka atẹ̀wé. Ó fi í sẹ́nu, ó sì dúró síbi tí orin náà ti máa ń dúró, kò mọ ibi tó ń gbà lọ lẹ́yìn ìyẹn.